Ọkùnrin Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Nínú Àwọn Ìwé Bàbá Làmídì

Ojú mi báyìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Bàbá Làmídì, bàbá tó bí bàbá mi, tí a sin lóṣù tó kọjá, kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó mọ̀ wọ́n tó èmi Múfútáù. Àwọn tó gba makirofóònù níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọ ilé Bàbá àyàfi lọ́jọ́ ọdún. Èmi ni mo ń wá ní gbogbo Jímọ̀. Èmi ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì Bàbá gun àkàsọ̀ dé àjà kẹrin lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́, mi ò pe ẹnì kan kó wá bá mi dì í mú. Ẹrù kíkó niṣẹ́ mi, mo ní ọkọ̀ fáànù tèmi, láti Peckham dé Deptford ní ìlú Òyìnbó níbí, kò sí akẹ́rù tó tó mi. Ẹ béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá tọrọ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kí n mú ọkùnrin kan délé nínú ìwé. Kò ní ná mi ní nǹkan kan, ẹnu lásán ni. Mi ò ṣe é. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kó má bàa jẹ́ pé ibi tó dùn nìkan ni mo sọ níbi àdúrà.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí Bàbá ránṣẹ́ mú mi wá láti Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ọdún méjì ni mo lò nílé ìwé níbí kí n tó sá wọ inú ọjà, àwọn tíṣà náà ò wá mi. Bàbá fúnra wọn ló kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ lórí tábìlì ilé ìdáná, òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ńlá ò wọlé sí mi lórí. Mo lè ka orúkọ òpópónà, mo lè ka nọ́ńbà ilé, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ìyẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, ebi ò sì pa ọ̀kankan nínú wọn rí.

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ Bàbá, ohun méjì ló máa kọ́kọ́ rí. Àkọ́kọ́ ni Àlùkùráánì wọn lókè pátápátá, lórí aṣọ funfun. Lábẹ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n apá kan sísàlẹ̀, ni pẹpẹ tí ìwé mọ́kàndínlógún wà. Ẹnì kan ló kọ gbogbo wọn, ará Amẹ́ríkà kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ṣì ń tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn ò yéé rà á. Ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń da màlúù la aṣálẹ̀ kọjá ni, ìtàn ìbọn, ìtàn ọmọbìnrin tó ń wo ọ̀nà létí wíńdò. Bàbá kì í dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. “Ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ojúlé kejì ni ọkùnrin náà ń gbé.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti kó àwọn ìwé náà jọ. Ọdún gbọọrọ ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ìwé pọ̀, ní apá Deptford, ilé tí wọ́n ti wó báyìí. Wọ́n á ká bébà fífẹ̀ kan, á di ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Wọ́n á to irú ìdì bẹ́ẹ̀ léra wọn, Bàbá á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ̀rọ bá fo ìdì kan, ìwé náà ti di aláàbọ̀ nìyẹn. Ẹ ó kà á dé ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, èyí tó kàn á jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Irú rẹ̀ ò ṣeé tà, ọ̀gá wọn sì ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ máa mú un lọ sílé. Àwọn Òyìnbó ibẹ̀ kì í mú un. Ta ló fẹ́ ìtàn tí àárín rẹ̀ ti sọnù? Bàbá á fi sínú báàgì oúnjẹ wọn. Nínú mọ́kàndínlógún tó wà lórí pẹpẹ yẹn, kò sí èyí tó pé.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò ra èyí tó pé ní East Street, níbi tí wọ́n ti ń ta á bí ẹni ta ọsàn. Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú tíì tí wọ́n ń pò. Wọ́n ní, “Ìwé tó pé ò láyè àlejò.”

Bàbá kì í kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá bá wọn jáde rí á jẹ́rìí mi. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á máa ka orí wa, wọ́n á jẹ́ kí àjèjì pàápàá kọjá, ìyá tó ń ti ọmọ, àwọn ọmọléèwé aláriwo, gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kan tí à ń lọ sí Walworth, èmi àti àwọn ọmọ Àǹtí mi mẹ́rin, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì nọ́ńbà méjìlá ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá síta, ó sì gbé wa lọ. Mo sáré lọ wo gíláàsì ẹ̀yìn. Bàbá dúró lẹ́bàá títì, wọn ò juwọ́, wọn ò pariwo. Ojú wọn rí bí ojú ẹni tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ tù. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Peckham, la Camberwell kọjá, wá bá wa lẹ́nu ọjà. A ti dúró títí ẹsẹ̀ ń dùn wá.

Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò bá wọ ìyẹn.”

Wọ́n fi áńkáṣíìfù nu ojú wọn. Wọ́n ní, “Ó yẹ kí èmi náà fẹsẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan.”

Sunday lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n máa ń kàwé fún wa. Àwọn ọmọ á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, bisikíìtì lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé, Yorùbá ló ń ti ẹnu Bàbá jáde, kò sì há wọn lọ́fun rí. Mo ti rí àwọn tó lọ yunifásítì tí wọn ò lè ṣe ìdajì rẹ̀. Bí Bàbá bá dé ibi àlàfo, ibi tí ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ti fò, wọn ò ní dúró. Wọ́n kàn máa bọ́ dígí ojú wọn ni, wọ́n á gbé e lé orúnkún, wọ́n á sì máa bá ìtàn lọ. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti máa ń yọ, nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ni kò lẹ́ṣin. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fi kọ́ ọrùn kó má bàa jẹ. Àwọn ẹlẹ́ṣin á dé orí òkè, wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á rí eruku kékeré lọ́nà jíjìn. Nínú ìwé kan, obìnrin kan fún un ní wàrà. Nínú òmíràn, ó sùn sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ìjì sì kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá á gbé dígí padà sójú, àwọn ẹṣin á tún máa sáré, ìbọn á máa dún, a ò ní gbúròó ẹlẹ́sẹ̀ mọ́.

Ìtàn á parí, àwọn ọmọ á figbe bọnu: “Grandpa, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ńkọ́? Ṣé ó bá wọn?”

Bàbá á pa ìwé dé. Wọ́n á ní, “Ó ń bọ̀. Ẹ má ti ilẹ̀kùn.”

Wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Títí òtútù á fi mú wa.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní mọ́ṣáláṣí, Alhaji Ráúfù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì á ta ara wọn bí abẹ́rẹ́ títí. Alhaji á ní, “Làmídì, ìwọ tó ti fojú kan Káábà, màlúù Amẹ́ríkà lo wá ń dà kiri pálọ̀.”

Bàbá á ní, “Ráúfù, gbogbo ọdún tí o fi wa bọ́ọ̀sì, o ò wà á kọjá odò. Jẹ́ kí n máa gẹṣin tèmi.”

Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ń parí ẹ̀. Àfi ọjọ́ kan tí Alhaji sọ ọ́ lójú gbogbo jàmáà pé irọ́ ni Làmídì ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Sunday. Bàbá dìde, wọ́n wá bàtà wọn, a bá jáde. Oṣù méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Alhaji wá tọrọ àforíjì nílé, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Alhaji ní, “Ṣùgbọ́n irọ́ kúkú ni, Làmídì. Ẹnì kan jókòó, ó hun ún.” Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Wọ́n wá fi kún un: “Inú irọ́ ẹlòmíràn ni mo ti rí àyè fi òótọ́ tèmi sí.”

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó fi di pé òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Jímọ̀ kan, mo dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n na ìwé sí mi. “Múfú, kà á fún mi.”

Mo lè sọ pé mi ò lè kà á. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá ni mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí pé ìwé borí mi. Mo gba ìwé, mo jókòó. Mo wo ojú ewé, gbogbo rẹ̀ dàbí èèrà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ látorí, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún wa láti kékeré. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí n ṣí ewé, mo mọ ìgbà tó yẹ kí n wúkọ́. Mo dé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń yọ, mo sọ ọ́ pẹ̀lú bàtà lọ́rùn. Bàbá tẹ orí sẹ́yìn, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ní, “O mọ̀wé, Múfú.”

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní gbogbo Jímọ̀. Mo ń yangàn nínú ọkàn mi. Mo rò pé mo ti tan àgbà jẹ.

Nígbà tí ọdún iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ò ṣe rí. Wọ́n tún ìwé Ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà tẹ̀, tuntun, páálí líle, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Mo ra mọ́kàndínlógún. Mo kó wọn wọlé lọ́jọ́ ọdún lójú gbogbo èèyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn ògbólógbòó tí gọ́ọ̀mù wọn ti gbẹ, tí ewé ń já bọ́ lára wọn, mo kó wọn sínú fáànù, mo sì lọ dà wọ́n síbi tí kánsù ti ń gba ìdọ̀tí. Ohun tí à ń ṣe fún àgbà nílé wa nìyẹn: ẹ gba gbígbó, ẹ fún wọn ní tuntun. Kò sẹ́ni tó rò ó wò pé ìwé yàtọ̀ sí agbádá.

Bàbá fọwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àlàfo máa ń wà. Wọ́n ní, “Ó ti pé?”

Mo ní, “Ó pé, Bàbá. Kò sí ewé kan tó sọnù.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì jẹ ẹran.

Ọmọ mi obìnrin, Ṣẹ́rífà, tó wà ní yunifásítì, ló mú ọ̀kan lọ nínú àwọn ìwé náà. Ó fẹ́ràn ẹlẹ́sẹ̀ yẹn láti kékeré. Lọ́jọ́ kẹta ó bá mi ní ilé ìdáná.

“Dádì, sorry o, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Kò sí anybody tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Everyone ló ní ẹṣin.”

“O ò kà á dáadáa.”

“Mo kà á dáadáa. Ibi tí Grandpa máa ń bọ́ glasses wọn, mo mọ ibẹ̀. Òjò ló ń rọ̀, wọ́n sì ń ra màlúù. That's it.” Ó wò mí. “Dádì, ìwé wo wá lẹ ń kà fún Grandpa ní Friday?”

Mo ní kó lọ fọ àwo.

Ìbínú gbé mi. Kì í ṣe sí Ṣẹ́rífà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ ò bá sí nínú ìwé, Bàbá ló fi í síbẹ̀, ìgbà tí mo sì kà á jáde lákọ̀ọ́kọ́ láti inú ìwé tí kò sí nínú rẹ̀, Bàbá ti mọ̀ pé mi ò lè kàwé. Oṣù mẹ́fà. Ọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo jókòó síwájú ọkùnrin afọ́jú, òun ló wá ń rí mi.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti rẹ̀ wọ́n gan-an. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, èémí wọn kúrú.

“Múfú, mú ìwé.”

“Èwo, Bàbá?”

“Èyí tó bá wù ọ́. Ka ibi tó ti délé.”

“Ta ló délé?”

“O mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀. Jẹ́ kó dé lónìí.”

Ohun tí wọ́n tọrọ nìyẹn. Mo lè ṣe é. Kò sí ẹni tó mọ ohùn ìtàn yẹn bí èmi, mo lè mú ọkùnrin náà gun òkè tó kẹ́yìn, kí n bọ́ bàtà lọ́rùn rẹ̀, kí n kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n ṣe é. Mo ní, “Bàbá, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Òjò ló wà níbẹ̀. Òjò àti màlúù.”

Ọwọ́ wọn wà lórí ìwé tuntun yẹn, wọn ò gbé e kúrò.

Wọ́n ní, “Ta ló kà á fún ẹ?”

Mo ní èmi ni.

Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá padà wá ní Jímọ̀, màá mú ọkùnrin náà délé. Àárọ̀ Tuesday ni wọ́n pè mí pé Bàbá ti lọ.

Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀ lé mi. Ọ̀sán gangan ni. Mo lè máa gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ gun àkàsọ̀, kí n máa gbọ́ ọ ní àjà kan sísàlẹ̀: ẹsẹ̀ kan tẹ̀, ìkejì wọ́. Bí mo bá dúró, yóò dúró. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò bá ẹnì kan. Mi ò mu ọtí, mi ò sì bẹ̀rù òkú. Mo kàn ń fi ilẹ̀kùn àwọn oníbàárà mi sílẹ̀ ní ṣíṣí ni, wọ́n ń bínú pé òtútù ń wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pe Màmá Ìsẹ́yìn, àbúrò Bàbá obìnrin tó kù láyé. Mo bi wọ́n bóyá Bàbá mọ ẹnì kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́.

Wọ́n ní, “Sànúsí nìyẹn. Òun ni wọ́n bí tẹ̀ lé Làmídì, èmi ni wọ́n bí tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, lọ́ọ̀rì kan dúró fún wọn lọ́nà Ọ̀yọ́, àyè ẹnì kan ló kù. Làmídì gùn ún. Ó ní òun á dúró dè é ní Ọ̀yọ́. Dírẹ́bà ò dúró ní Ọ̀yọ́, Làmídì ò sì sọ pé kó dúró, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ òun kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún fojú kan Sànúsí. Bàbá wa wá a títí. Ta ló sọ fún ọ?”

Mo ní Bàbá ni.

Ṣẹ́rífà ti ń gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi kó lè gba àwọn ìtàn náà sílẹ̀. Mo ń gbìyànjú. Mo lè gba màlúù àti ìbọn padà nínú ìwé tuntun, àwọn ìyẹn ò lọ ibì kan. Bí mo bá dé ibi tí eruku kékeré ti yọ lọ́nà, màá ní kó pa fóònù, torí mo ti mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀. Ṣẹ́rífà ní kí n sáà mú un délé, kò tíì pẹ́ jù. Ilé ta ni kí n wá mú un lọ? Kánsù ti gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì Bàbá, ìdílé mìíràn ti kó wọ ibẹ̀.

Ohun tó sọnù nìyí. Ìwé aláàbọ̀ mọ́kàndínlógún, ọwọ́ ara mi ni mo fi dà wọ́n nù. Ìtàn mọ́kàndínlógún tí kò sí nínú ìwé kankan: mẹ́rin ló wà nínú fóònù Ṣẹ́rífà, méjì nínú wọn ò sì lórí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ. Ọjọ́ mẹ́rin, láti Jímọ̀ dé Tuesday, tí mi ò padà lọ. Ọkùnrin méjì.